Irun Àgùntàn Lórí Òfì Ọ̀yọ́

Àgùntàn pọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá gba apá Akẹ̀sán kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó bá wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí létí títì, tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, tí àwọn awakọ̀ ń fun fèrè títí tí wọn ò mira. Ṣùgbọ́n a kì í rẹ́ irun wọn. Kí la fẹ́ fi ṣe? Irun kúkúrú ló wà lára àgùntàn ilẹ̀ wa, irú èyí tó wà lára ewúrẹ́, kì í ṣe èyí tó nípọn, tó ká mọ́ra wọn lára àgùntàn ilẹ̀ òtútù. Oòrùn ilẹ̀ wa ò gba irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n bá ti dúńbú ẹran tán, iná la fi ń sun irun náà dànù. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ òórùn yẹn kò sí.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ irun àgùntàn wá ni pé àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Skọ́tíláǹdì fi òwú irun àgùntàn ránṣẹ́ sí Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, pé kí wọ́n bá òun fi hun ìborùn. Ó ní aṣọ òfì ni òun fẹ́ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ó fẹ́ èyí tí òun lè dà bo èjìká lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí yìnyín bá ń bọ́, tí ẹni tó bá mọ aṣọ á sì bi òun pé níbo ni wọ́n ti hun èyí. Màmá Àgbà ti wà nídìí òfì kí wọ́n tó bí mi. Irun àgùntàn ò dé ọwọ́ wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, òfì tí ènìyàn ń jókòó sí nídìí, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Bàbá ló ń fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nínú agbolé. Òfì obìnrin dá dúró ní tirẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń gbé e nàró ti ògiri nínú ilé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíjìpá ni wọ́n sì ń fi í hun, aṣọ tó fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, tó nípọn, tí àgbẹ̀ lè wọ̀ lọ oko fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má fàya. Ìyá tó bí Màmá Àgbà, kíjìpá ni wọ́n ń hun. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbọn òwú, tí wọ́n ń ràn án, tí wọ́n sì ń gbé e lọ fún aláró. Àwọn àgbà a máa wí pé òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Mi ò bá wọn lọ́wọ́ sí òwe yẹn. Ó dá mi lójú pé ọkùnrin ló pa á, ọkùnrin tí kò jókòó ran òwú rí láyé rẹ̀.

Màmá Àgbà ò tẹ̀lé ìyá wọn sídìí kíjìpá. Òfì ọkùnrin ni wọ́n lọ kọ́, lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ìjọba lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, tí àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ìjókòó wọn. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn àgbàlagbà kan ní agbolé náà ò dá wọn lóhùn níbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lé wọn o, wọn kàn ń kí gbogbo ènìyàn nídìí òfì ni, wọ́n á fo ọ̀dọ̀ tiwọn. Lónìí, bí ẹ bá wọ ọgbà àwọn ahunṣọ, yálà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìsẹ́yìn, ẹ ó rí obìnrin níbẹ̀ dáadáa, àwọn mìíràn gbé ọmọ pọ̀n tí wọ́n ń hun aṣọ lọ.

Ẹni tó bá kọjá lọ́dọ̀ ahunṣọ, ọkọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú sáré lọ sáré bọ̀ láàárín òwú tó nà sílẹ̀, ló máa ń wò. Ó máa ń gbọ́ asà, igi tó ń lu òwú mọ́ra wọn gbàgà gbàgà, á ní iṣẹ́ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti lọ tipẹ́ kó tó débẹ̀. Kì í ṣe orí òfì laṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi títa òwú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ri igi mọ́lẹ̀ káàkiri ọgbà, tí wọ́n ń fa òwú yí wọn ká, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, títí òwú tó máa gùn dọ́gba pẹ̀lú aṣọ yóò fi pé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ohun gbogbo: ibi tí ilà dúdú máa wà, bí ilà funfun ṣe máa fẹ̀ tó, ibi tí pupa máa ti yọjú lẹ́ẹ̀kan péré kó tó pamọ́. Aṣọ tí òfì yìí ń gbé jáde kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Ẹni tó ń ta òwú ní láti mọ bí ilà etí ọ̀kan yóò ṣe bá ti èkejì mu nígbà tí télọ̀ bá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìró tàbí agbádá. Kò sí ìwé níwájú Màmá Àgbà. Wọn ò ya nǹkan kan sílẹ̀. Ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ka òwú, bí ẹ bá kí wọn lásìkò yẹn, ọwọ́ ni wọn yóò fi dá yín lóhùn.

Bí òwú ẹyọ kan bá ṣì síbi títa, àṣìṣe náà á bá aṣọ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ọgbọ́n tí ọkọ̀ tàbí asà lè dá sí i mọ́. Ẹni tó mọ ọkọ̀ jù lásán, kí ọwọ́ rẹ̀ yá ló nílò. Iṣẹ́ orí wà níbi títa, ibẹ̀ gan-an sì ni kò sẹ́ni tó ń sanwó fún. Oníbàárà á dé, á bi wọ́n pé, "Mà, ọjọ́ mélòó lẹ máa fi hun ún?" Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò owó òṣìṣẹ́ lórí ọjọ́ náà bí ẹni gba alágbàṣe. Ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó ro aṣọ náà ò sí nínú ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí irun àgùntàn.

Nígbà tí àpò náà dé, Màmá Àgbà rò pé wúlù ni, ìyẹn èyí tí a fi ń dirun, tí àwọn aboyún sì fi ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ de ọmọ. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ó rọ̀ ju wúlù lọ. Wọ́n wá já díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣá iná sí i. Gbogbo ahunṣọ ló ń dán òwú wò báyìí, nítorí àwọn tó ń tà á lọ́jà ò ní sọ òótọ́ fún yín. Òwú oko, èyí tí àgbẹ̀ ń gbìn, á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á fúyẹ́. Wúlù orí igbá, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe nílé iṣẹ́, yíyọ́ ló máa ń yọ́, á di kóró líle dúdú. Èyí ò yọ́. Ó ká kò, iná rẹ̀ kú fúnra rẹ̀, òórùn Iléyá sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àgùntàn ni lóòótọ́. Wọn ò tàn án jẹ."

Wọ́n kọ́kọ́ ta á bí wọ́n ṣe ń ta òwú yòókù. Kò gbà. Òwú irun àgùntàn a máa nà, bí ẹ bá fà á á tẹ̀lé yín, bí ẹ bá tú u sílẹ̀ á súnkì padà, bẹ́ẹ̀ ni òfì wa ń béèrè pé kí òwú le gbọnrangandan láti ọ̀dọ̀ ahunṣọ títí dé ibi òkúta tí wọ́n gbé sórí igi ní ìsàlẹ̀ ọgbà. Òkúta yẹn ló ń fa òwú le, òun náà ni wọ́n ń fà sún mọ́ tòsí bí aṣọ ṣe ń gùn sí i. Irun wínníwínní tó wà lára òwú náà tún ń dì mọ́ra wọn. Bí wọ́n bá fẹsẹ̀ tẹ òfì kí òwú lè là sọ́tọ̀ kí ọkọ̀ rọ́nà kọjá, ìdajì á gòkè, ìdajì á rọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀kọ ṣàn án, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òwú oko kí ara rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Ó dára fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ nígbà tó gbẹ tán, ẹ̀kọ náà ń bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lu asà, irun sì tún ń nàró.

Wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Mo bá wọn ká òwú náà jọ, inú mi ò sì dùn, àmọ́ kò hàn lójú tiwọn pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òwú oko ni wọ́n ta, aláwọ̀ ẹtù, dúdú pẹ̀lú ilà funfun tín-tìn-tín. Irun àgùntàn wá di èyí tí ọkọ̀ ń gbé kọjá. Níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fà á le, bó ti wù ú ni ó ń dùbúlẹ̀. Wọn ò lu asà gbàgà gbàgà mọ́, wọ́n rọra ń fi tì í sáyè ni, nítorí bí ẹ bá lù ú le jù, aṣọ á gan, ooru tí ẹ torí rẹ̀ wá irun àgùntàn kò ní ríbi gbé. Aṣọ tó jáde níbẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹtù ni lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ń ti ọwọ́ yín padà.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ahunṣọ àgbà kan ní agbolé kejì yà wá kí wọn, ó fọwọ́ ra aṣọ náà títí, ó ní, "Ó dára o, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe aṣọ òkè mọ́." Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí lẹ máa wà lẹ́yìn bàbá náà. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn aṣọ tí a fi ń yangàn. Sányán, tí a ń pè ní baba aṣọ, inú igbó wa ló ti wá lóòótọ́. Kòkòrò kan tó ń jẹ ewé ìrà àti àwọn igi mìíràn ló ń kọ́ ilé aláwọ̀ ilẹ̀ fún ara wọn, wọ́n á kó o, wọ́n á fi omi eérú sè é kó lè tú, wọ́n á wá ràn án. Àlàárì ńkọ́? Àjẹkù síìkì láti ilé iṣẹ́ àwọn ará Yúróòpù ni, wọ́n ti pa á láró pupa kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ràkúnmí ló sì ru ú láti Tripoli ní Líbíà la aṣálẹ̀ kọjá dé Kánò, kí àwọn oníṣòwò tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Nígbà tí rélùwéè dé Kánò ní nǹkan bí 1912, ọjà ràkúnmí ti ń lọ sílẹ̀, àlàárì gidi sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n. Aṣọ òdòdó pupa tí àwọn olóyè àti àwọn ọlọ́jẹ̀ ń lò láyé àtijọ́, irun àgùntàn ni! Òyìnbó ló ń gbé e gba etíkun wọlé. Bí ẹ bá wo àkọlé tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀kú egúngún wa nínú mùsíọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà, ẹ ó rí i pé òwú àti irun àgùntàn ni wọ́n máa ń kọ sí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Irun àgùntàn ti wà lára egúngún Ọ̀yọ́ kí àbúrò mi tó wọ bàálù.

Lẹ́yìn náà ni òwú ilé iṣẹ́ dé, tí wọ́n ń pè ní síìkì tí kì í ṣe síìkì. Nígbà owó epo, láàárín àwọn ọdún 1970, òwú tó ń dán yanranyanran dé, a sì fi hun ṣáín-ṣáín. Àwọn àgbà ìgbà náà ṣàròyé. Lónìí, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá fi ṣáín-ṣáín sílẹ̀ nínú àpótí, ó ń gbé e jáde níbi ìgbéyàwó pé ogún ìdílé ni. Bí a bá ní ká lé gbogbo òwú àjòjì kúrò lórí òfì, sányán, ẹtù àti funfun nìkan ni yóò kù, àlàárì á bá ọ̀nà Tripoli padà.

Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ tiwa ni ọwọ́ tó ta òwú. Ìyẹn ò bá ọkọ̀ ojú omi kankan wá. Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Skọ́tíláǹdì (àbúrò mi fẹ́ràn kí n máa rán an létí èyí), gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn tó ń hun aṣọ àti àwọn tó ń rẹ aró lójú ọ̀nà. Kò tíì sí Ọ̀yọ́ tí à ń gbé yìí nígbà náà, Àgọ́ Ọ̀jà la ṣì ń pe ibẹ̀. Òfì bá àwọn ènìyàn sá ogun wá síbí.

Kì í sì í ṣe pé irun àgùntàn lórí òfì aláṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ohun tí aláwọ̀ dúdú ò ṣe rí. Ní orílẹ̀-èdè Mali, níbi tí odò Ọya ti ń tàn kálẹ̀ ní agbègbè Màsínà, àwọn Fúlàní ní àgùntàn tó nírun gidi. Àwọn obìnrin ń ràn án, àwọn ahunṣọ ọkùnrin tí iṣẹ́ ìdílé wọn nìyẹn ń hun ún lórí òfì tó bá tiwa tan, wọ́n á rán an pọ̀ di kúbùsù tí wọ́n ń pè ní khasa. Àwọn darandaran ló ń fi bora nígbà ọyẹ́, ó sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Mo fi àwòrán rẹ̀ han Màmá Àgbà lórí fóònù. Wọ́n fi ìka ṣí i kó tóbi, wọn ò wo àwọ̀ rẹ̀ rárá, ojú ìrán ni wọ́n ń wò, bóyá ilà bá ara wọn mu. Wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n."

Bí ẹ bá ń wá ohun tó ń pa aṣọ òkè, ẹ fi òwú sílẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán ilà òfì sí lára ti kún ọjà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, òun làwọn kan fi ń ṣe aṣọ ẹbí báyìí. Àwọn tó ní ojúlówó làwọn fẹ́ náà, ẹ bá wọn dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ kẹ́ ẹ gbọ́ iye tí wọ́n máa sọ. Ẹnì kan wá bá Màmá Àgbà fún sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò gidi hun. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀ fún un, ó ní kí wọ́n kúkú bá òun wá òwú aláwọ̀ sányán. Ó gba aṣọ rẹ̀, ó sì dé ibi ìnáwó, ó ní sányán ni. Irú ìyá bíi Nike Okundaye, tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ nínú ìdílé rẹ̀ ní Ògìdì, tó sì dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, lọ kọ́ àwọn Òyìnbó níṣẹ́, wọ́n sì pè é ní ayàwòrán tí aṣọ jẹ́ pátákó rẹ̀, kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní agbolé ahunṣọ, ẹni tó ń ta òwú láìwo ìwé, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní ìyá aláṣọ lásán.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wà, wọn ò pọ̀. Àwọn tó wà fẹ́ràn ọkọ̀, nítorí owó ń jáde níbẹ̀ kíákíá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ń jókòó ti Màmá Àgbà nígbà tí wọ́n bá ń ta òwú, ẹnu tirẹ̀ náà ti ń mì.

Télọ̀ ló kù tó fẹ́ dá wa láàmú lórí ìborùn náà. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa irun àgùntàn gbọ́n-ún gbọ́n-ún, etí aṣọ ń ṣunkì. Ìgbẹ̀yìn ni Màmá Àgbà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ rán an, ojú ìrán kéékèèké bí wọ́n ṣe ń ṣe kí ẹ̀rọ tó dé. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ sínú bébà mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó má sì fún un. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ti rẹ díẹ̀ lára òwú tó ṣẹ́ kù sínú omi gbígbóná, wọ́n sì rí i bó ṣe súnkì tó di ìdì.

Aṣọ náà dé Skọ́tíláǹdì. Àbúrò mi pè wá lórí fóònù, ó dà á bora, ó ń yí kiri kí a lè rí ẹ̀yìn. Ó ní ooru rẹ̀ dára púpọ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi. Ó wá rọra fi kún un pé ó ń yún òun lọ́rùn díẹ̀, ṣé Màmá Àgbà lè hun òmíràn tí òwú oko máa wà níbi tó kan ọrùn, kí irun àgùntàn wà níbi èjìká nìkan.

Màmá Àgbà dákẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ń ka òwú. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, ọkọ̀ méjì ni yóò gbé e, ọ̀kan fún òwú oko, ọ̀kan fún irun, wọn ò sì ní í ta á bíi ti àkọ́kọ́, nítorí ibi tí irun bá dúró sí máa ga ju ibi tí òwú oko wà lọ, ilà ẹtù sì ní láti fẹ̀ níbẹ̀ kó má bàa sọnù. Wọ́n wá dárúkọ owó méjì, owó híhun lọ́tọ̀, owó títa lọ́tọ̀.

"Owó títa bawo, Màmá? Ṣebí títa wà nínú híhun ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Wọ́n ṣì ń ná an títí dì báyìí. Àbúrò mi ní ọmọ wọn ni òun. Wọ́n ní nítorí ọmọ ni owó náà fi mọ bẹ́ẹ̀.